Ewúrẹ́ Tí Ìyá Gán Mọ́ Kóòtù

Eré ni obìnrin yìí ń ṣe jẹun. Mo tètè sọ ọ́ kó má bàa bá yín lójijì. Kì í ṣe eré orí ìtàgé o, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ó kàwé, ó kàwé, títí wọ́n fi fún un ní oyè dókítà, ohun tó sì fi oyè ọ̀hún ṣe ni pé ó gba yàrá kan nísàlẹ̀ ilé ìwádìí, ó kó kọ̀ǹpútà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn àti àga inú ilé yóò fi máa bá ènìyàn ṣeré. Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Àwọn aládùúgbò gbọ́ "dókítà", wọn ò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹni tí eékún ń dùn á wá kanlẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ bá mi wò ó." Òun náà á ní, "Ẹ má bínú, dókítà eré ni mí." Wọ́n á wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n á sì gbé eékún wọn padà sílé.

Ìyá rẹ̀ kò pè é ní dókítà rí. Aṣerémájẹun ló ń pè é, láti kékeré tó ti máa ń fò káàkiri títí oúnjẹ rẹ̀ á fi tutù, bẹ́ẹ̀ lèmi náà á sì ṣe máa pè é. Aránṣọ ni ìyá, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń gbé. Máṣìnì ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní pálọ̀, abọ́ ńlá kan tó kún fún bọ́tìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnì: funfun, dúdú, aláwọ̀ ewé, títí kan èyí tó bọ́ lára ẹ̀wù àwọn tó ti kú. Àkọ́bí ni ìyá nílé tiwọn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fo okùn níta, abẹ́rẹ́ ló ń fà nínú ilé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn àbúrò ń wò.

"Iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́," ló máa ń wí, "eré leré ń jẹ́. Ẹ̀wù tí mo bá rán, wàá rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ìwọ, kí lo rán?"

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Aṣerémájẹun ju bó ṣe ń fi hàn lọ, torí kò rí èsì gidi fún un. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn àwọn eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ò le. Fún ọmọdé ní páálí, á wà á bí ọkọ̀. Àgbàlagbà ló ń wá. Ó fẹ́ mọ ibi tí eré ń gbà jáde lára ènìyàn, àti bóyá ilé lásán, ilé tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, lè dá a padà sí i lára. Títí di ìgbà tí mò ń sọ yìí, kò tíì rí àgbàlagbà kan ṣoṣo tó ṣeré fún un tọkàntọkàn. Wọ́n á gba fóònù tí eré wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi ojú ṣe ẹ̀rín, wọ́n á ní "Ó mà dára o," wọ́n á sì wá ibi jókòó sí.

Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni eré ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kan já sínú ilé ìwádìí, ojú lásán ò lè rí i, fóònù nìkan ló mọ ibi tó wà. Bí o bá jìnnà sí i, fóònù á dákẹ́. Bí o bá ń sún mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" díẹ̀díẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó o fọwọ́ bà á, igbe á pọ̀ débi pé fóònù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ. Ohun tó ń jẹ́ kí fóònù mọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi pamọ́ síbi tí wọ́n bá fẹ́ kí ewúrẹ́ wà. Ẹ̀mí ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ṣe é ni ọkùnrin tí òun àti Aṣerémájẹun jọ ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo ilé ń pè ní Jórinjórin, nítorí pé irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Jórinjórin ṣe ẹ̀mí ewúrẹ́ ní roboto, ó kùn ún ní dúdú, ó sì lu ihò mẹ́rin sí i láàárín kí wọ́n lè fi òwú so ó mọ́ ibi tó bá wù wọ́n.

Ẹ fi roboto, dúdú, ihò mẹ́rin yẹn sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ wá di ti Ọ̀gá Àgbà. Òun ni olórí ilé ìwádìí, ọkùnrin tí táì rẹ̀ kì í tú, tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni gbé ẹyin, torí eékún rẹ̀ kan tí kò gbádùn. Lọ́jọ́ kan ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá eré.

"Dókítà, àga pọ̀ jù lókè. A fẹ́ kó wọn síbí."

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ìwádìí mi ńkọ́?"

"Ìwádìí wo? Àgbà kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò lé ejò, ejò ní ń lé e. Ejò wo ló wà nínú ilé yìí tí n ó fi máa sáré kiri?" Òwe náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì gbé e mì. "Èmi àti Akápò á wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. A ó ṣe eré rẹ. Bí àgbàlagbà bá lè fi tọkàntọkàn ṣe é, yàrá dúró. Bí kò bá lè rí bẹ́ẹ̀, àga."

Ó lọ. Aṣerémájẹun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ onímọ̀ míì ló fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, kì bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Àga mà ni! Àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé!

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ó mú ẹ̀mí ewúrẹ́ lọ sílé, ó ní kí òun dán eré náà wò lára ìyá.

"Màmá, ẹ gba fóònù yìí. Ewúrẹ́ kan wà nínú ilé, ẹ bá mi wá a."

"Ewúrẹ́ ta ni?"

"Kì í ṣe ti ẹnì kankan. Kò tiẹ̀ sí ewúrẹ́ níbẹ̀ gan-an."

Ìyá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ewúrẹ́ tí kò sí, tí kò sì lólúwa, òun lo ní kí n wá. Èmi tí mo ní apá ẹ̀wù láti lẹ̀." Ó dá gíláàsì padà, ó tẹ máṣìnì. Aṣerémájẹun rẹ́rìn-ín, kò sì wù ú rín. Ó fi ẹ̀mí ewúrẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ bọ́tìnnì, ó lọ jẹun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rí i pé bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ti bọ́ lára kóòtù dúdú tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ̀ lọ pàdé àwọn ọ̀gá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Aránṣọ wo ló máa jẹ́ kí ọmọ òun jáde bẹ́ẹ̀? Ó nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ọwọ́ rẹ̀ ba ohun roboto, dúdú, oníhò mẹ́rin kan. Ó wúwo díẹ̀. "Bọ́tìnnì gidi nìyí, kì í ṣe ayédèrú ti ayé òde òní," ló wí, ó sì gán an mọ́ kóòtù, ó fi òwú yí i lọ́rùn dáadáa, ó fi eyín gé e.

Aṣerémájẹun sáré jáde láti yàrá, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ abọ́, kò rí nǹkan. Ó wo inú abọ́, ó rí ohun roboto, dúdú, oníhò mẹ́rin kan. Màmá ti bá mi kó o mọ́ra, ló sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó mú un sọ sínú báàgì, ó wọ kóòtù, ó dúpẹ́ bọ́tìnnì, ó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Òun ò tíì mọ̀ ní tirẹ̀.

Níbi iṣẹ́, ó fi òwú so bọ́tìnnì ìyá rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwòrán kan tó wà lára ògiri yàrá ìpàdé. Ó yọ fóònù, ó dán an wò. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!" ni fóònù ké. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní ké, nígbà tí ewúrẹ́ wà lára kóòtù rẹ̀? Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ohun gbogbo ti tò.

Ọ̀gá Àgbà dé, Akápò tẹ̀ lé e. Obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ ni Akápò, bàtà gogoro ló máa ń wọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Aṣerémájẹun fún wọn ní fóònù kọ̀ọ̀kan, ó ṣàlàyé, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí yìí ní òfin kan: bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ sá pamọ́ kó máa wò. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ rí i, torí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, ojú ayé ló máa ṣe. Nítorí náà ó sáré gba ẹ̀yìn wọ yàrá ìpàdé, ó fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó fi fóònù sétí kó lè máa gbọ́ ohùn Jórinjórin. Jórinjórin wà nísàlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, níbi tó ti ń rí ewúrẹ́ bí ààmì pupa kékeré kan lórí àwòrán ilé.

Àwọn méjèèjì wọlé. Fóònù ń ké wẹ́rẹ́. Wọ́n lọ síbi àwòrán ara ògiri, igbe ò pọ̀ sí i. Wọ́n yí sí kọ́tìnnì. "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ló wà," ni Akápò wí.

Òógùn bo Aṣerémájẹun. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yọ́ jáde. Fóònù méjèèjì rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Ó ti lọ!" Ọ̀gá Àgbà figbe ta. "Ó ń rìn! Ṣé ó sọ fún wa pé ó ń rìn?"

"Kò sọ!"

"Ẹ ò rí ọmọ yìí!"

Lọ́dẹ̀dẹ̀, Aṣerémájẹun ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú fóònù. "Jórinjórin, kí ló dé?"

"Dókítà, ewúrẹ́ ti jáde."

"Jáde bí ti báwo? Mo so ó!"

"Ó ti já nìyẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà báyìí."

"Èmi náà ti wà lọ́dẹ̀dẹ̀."

"Ẹ wò yíká dáadáa, ó yẹ kẹ́ ẹ rí i."

"Ewúrẹ́ àìrí?"

"Háà. Òótọ́ ni."

Ẹsẹ̀ àwọn méjì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó gba orí àtẹ̀gùn, ó ń fò ó ní méjìméjì. Jórinjórin fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ọ̀fun nínú fóònù: "Ó ń gun àtẹ̀gùn! Dókítà, ó ti dé ẹ̀yìn yín! Ẹ sá!" Ẹ wá wò ó. Òun ló dá ewúrẹ́ yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé kò sí ewúrẹ́ níbi kankan. Síbẹ̀ ó bojú wẹ̀yìn, ara rẹ̀ bù máṣọ, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀kùn tó kọ́kọ́ rí ló wọ̀, ó tì í. Yàrá ìgbálẹ̀ ni, ó ṣókùnkùn, ó kún fún garawa.

"Ó ti wọ yàrá ìgbálẹ̀," ni Jórinjórin wí.

"Dákẹ́. Èmi ni mo wà ní yàrá ìgbálẹ̀."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

Ìbéèrè yẹn kò dùn ún gbọ́ nínú òkùnkùn. Ó na ọwọ́ jẹ́jẹ́. Garawa. Ìgbálẹ̀. Aṣọ ìnulẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé àyà kó lè mí, ọwọ́ náà ń sọ̀ kalẹ̀ lára kóòtù títí ó fi kan bọ́tìnnì ìsàlẹ̀. Bọ́tìnnì gbóná. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ewúrẹ́ ló máa ń gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó fọwọ́ tọ́ ọ wò: òwú yí i lọ́rùn pọ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń yí i.

"Jórinjórin," ló wí, "ìyá mi ti gán ewúrẹ́ mọ́ mi lára."

Nínú fóònù, ó gbọ́ ìró ẹni tí tíì gba imú rẹ̀ jáde.

Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rù sì ń bà á pọ̀ mọ́ ọn. Bí Ọ̀gá Àgbà bá ṣílẹ̀kùn tó bá olùwádìí láàárín garawa, tòun ti ewúrẹ́ lára kóòtù, àga ti dé nìyẹn. Ohun tó tọ́ ni kó jáde, kó dá eré dúró, kó bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn tún un bẹ̀rẹ̀. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Ó gbọ́ gbì, ó tún gbọ́ gbì. Akápò ló bọ́ bàtà gogoro rẹ̀ sọnù.

"Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún," ni Akápò ń wí pẹ̀lú èémí, "ẹ má jẹ́ kó bọ́ o!"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ ó lé e sá!" Ọ̀gá Àgbà ló dáhùn, ẹ̀rín kan sì já mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀rín tínrín bíi ti ọmọ tí wọ́n ń rin ní ìgbáròkó, tí gbogbo ilé ìwádìí kò gbọ́ rí.

Omi lé sójú Aṣerémájẹun. Ìró tó ti ń wá láti ìgbà tó ti ń kàwé nìyí, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí òun bá fi jẹ́jẹ́ ṣílẹ̀kùn, eré ti tán. Ìgbà yẹn ni òwe Ọ̀gá Àgbà sọ sí i lọ́kàn. Ejò tí bàbá náà ń bèèrè, òun ni! Ewúrẹ́ tó dúró sójú kan, ta ló máa tìtorí rẹ̀ sáré? Àgbàlagbà ń fẹ́ ohun tó ń sá.

Ó da aṣọ ìnulẹ̀ borí, torí òfin òfin ni, wọn ò gbọdọ̀ rí i. Ó ta ilẹ̀kùn ní ìpá. Ó ké "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!" láti ikùn wá, ó sì gba àárín wọn kọjá bí ọta.

Ẹ̀yin ará, wọ́n lé e. Wọ́n lé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, eékún tí kò gbádùn sì gbàgbé pé òun kò gbádùn. Wọ́n lé e gba ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mu tíì, ife ń mì lórí tábìlì. Wọ́n lé e jáde síta, láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀, gbogbo fèrèsé ilé ìwádìí kún fún orí. Táì Ọ̀gá Àgbà ti yí dé ẹ̀yìn rẹ̀. Akápò fẹsẹ̀ lásán gba òdì kejì ọkọ̀ kan, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní "Ibi tó o ń lọ nìyẹn!" Bí Aṣerémájẹun ṣe ní kí òun yí padà, Ọ̀gá Àgbà gbá etí kóòtù rẹ̀ mú. Fóònù méjì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ọ̀gá Àgbà ṣí aṣọ ìnulẹ̀ lórí rẹ̀.

"Dókítà?"

Ó kù díẹ̀ kó purọ́. Kò pa á.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Eré tí mo ṣe kọ́ lẹ ṣe yìí. Ewúrẹ́ tèmi kì í rìn. Ìyá mi ló gán ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ mi lára, wọ́n rò pé bọ́tìnnì ni. Mo mọ̀ nígbà tí mo dé yàrá ìgbálẹ̀, mo sì tún ń sá, torí mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Bó bá jẹ́ àga ni, ẹ kó wọn wá."

Ọ̀gá Àgbà tẹ̀, ó fọwọ́ lé orúnkún, ó ń mí.

"Akápò, ọ̀rọ̀ àga yẹn ńkọ́?"

"Àga wo?" ni Akápò bi í.

Ọ̀gá Àgbà nàró. Ó nu ojú, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ da aṣọ ìnulẹ̀ padà bo orí Aṣerémájẹun. "Bá mi kí ìyá rẹ," ló wí. "Ó yá. Máa sá."

Nígbà tó délé, ìyá ń rán apá ẹ̀wù kan. Aṣerémájẹun bọ́ kóòtù sórí àga, ó sì ń rò ó láìmí: àtẹ̀gùn, garawa, bàtà, yàrá tó dúró. Ìyá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìnì.

"Nígbà náà," ló ní, "bọ́tìnnì tèmi dà?"

Aṣerémájẹun, tó ti tú u kúrò lẹ́yìn àwòrán, yọ ọ́ nínú báàgì. Ìyá dá a padà sínú abọ́. Ó gbé kóòtù, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀mí ewúrẹ́.

"Àgbàlagbà ló bọ́ bàtà?"

"Wọ́n bọ́ ọ, Màmá. Wọ́n jù ú nù."

"Ẹ̀rín ọ̀gá yín yẹn, báwo ló ṣe rí?"

"Bíi ti ọmọdé."

Ìyá dìde. Aṣerémájẹun ní bóyá sísọ́ọ̀sì ló fẹ́ mú láti fi tú u, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà tirẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, kò rí kóòtù. Kò rí ìyá náà. Ilé pa rọ́rọ́. Lórí tábìlì, fóònù rẹ̀ ń ké, "mẹ̀ẹ̀ẹ̀".

Ó mú fóònù. Ní ilé ìdáná, igbe rọlẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó rí etí kóòtù tó ń wọ́lẹ̀, ó sì rí ẹsẹ̀ lásán méjì, ti obìnrin tó ti kọjá àádọ́rin ọdún, ìka ẹsẹ̀ ká lé ara wọn, wọ́n ń gbọ̀n fún ẹ̀rín tí wọ́n ń gbé mì. Bó bá na ọwọ́, ó ti bà á. Ó fi fóònù pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ewúrẹ́ yìí mà le o," ló wí sókè. "Ó jọ pé ilé ìdáná ló padà sí." Ó sì yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná.

Ilẹ̀kùn ké lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dún pàtàpàtà lórí ilẹ̀, ó gba ọ̀nà pálọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń sáré. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí i kó sáré rí. Ó dúró síbi tó wà, ó fọwọ́ bo ẹnu, títí ohùn kan fi wá láti abẹ́ tábìlì máṣìnì:

"Aṣerémájẹun, mi ò sí níbí o!"